Àga Bàbá Mi àti Ẹ́nfílóòpù Àǹtí

Tí ẹ bá wọ pálọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀ lónìí, tí ẹ sì ká ẹní tó wà láàárín ilé, ẹ máa rí àmì ẹsẹ̀ àga lórí símẹ́ńtì pupa yẹn. Wọ́n tò láti ibi ògiri tí rédíò wà títí dé ìdí tábìlì. Màmá mi ti fi pólíìṣì pa á títí, kò lọ. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ kó lọ. Lánàá tí lẹ́tà ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì dé pé wọ́n ti gbà mí wọlé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìdúró, mo kà á fún màmá mi, mo tún sáré lọ kà á fún ìyá tó ń ta gààrí níwájú ilé wa, ìyá tí kò bi mí léèrè nǹkankan. Nígbà tí mo padà wọlé, orí àmì yẹn ni mo lọ jókòó sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú mi dùn débi pé àga ò gbà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, ẹ má tíì dá mi dúró.

Ìṣirò ló fẹ́ ba tèmi jẹ́. Mo kọ ìdánwò àṣejáde ní fọ́ọ̀mù fáìfù, mo sì yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi ìṣirò. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa nínú họ́ọ̀lù gbé ẹ́nfílóòpù ìbéèrè sókè, kí gbogbo wa lè rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i, tó wá fà á ya, ìró yẹn, fàáà, wọ inú orí mi lọ, ó sì kó gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ jáde. Nínú àwọn ìwé yòókù, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì máa ń jáde. Nọ́ńbà kì í jáde fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọ nọ́ńbà ìdánwò mi. Mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo tún fa ìkejì. Ìwé òfìfo ni mo dá padà.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ní ìbéèrè yẹn ló le. Irọ́ tí mo pa nìyẹn, irọ́ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà máa rántí rẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù ni bàbá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ohun tí àwọn èèyàn bura pé òótọ́ ni sílẹ̀, tó sì tún ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí adájọ́ bá ní irọ́ ni. Iṣẹ́ yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í gba nǹkan gbọ́ láìrí ìdí rẹ̀. Tí màmá mi bá ra tòmátì, tí ẹni tó tà á bá fún un ní ènì tó pọ̀, bàbá mi máa béèrè ohun tó ṣe tòmátì náà. Ó ní òun máa jẹ́ kí n tún ìṣirò kọ ní òpin ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí mi ò bá yege, kí n di ẹrù mi, kí n máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Èmùré-Ilé, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Kò sóhun tó ṣe iṣẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kéré, tí mo ti ń tẹ̀ lé màmá mi lọ sí ọsibítù níbi tó ti ń kọ káàdì fún àwọn aláìsàn, aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ni ojú mi máa ń bá lọ. Wọn kì í sì í gba ẹni tí kò ní ìṣirò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíṣà lẹ́sìnnì. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń fi ìdí bírò kan ìka mi tí mo bá ṣi nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìka mi ti mọ ìṣirò, orí mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kejì mọ̀wé. Ó mọ̀wé débi pé òun ló máa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Á gba bírò lọ́wọ́ mi, á kọ ojú ìwé mẹ́ta, á wá ní, "Ṣé o rí i?" Mo rí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa jókòó sínú họ́ọ̀lù.

Màmá mi ló rí Àǹtí, lórí ìlà káàdì. Eyín ló ń dun Àǹtí lọ́jọ́ yẹn, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ìyá àgbà kan tó wá láti Ute wà níwájú rẹ̀, ó mú oògùn dání, bó ṣe máa lò ó ò yé e. Ọmọ rẹ̀ tó bá a wá ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ó fi ọ̀kan ṣe àárọ̀, ọ̀kan ọ̀sán, ọ̀kan ìrọ̀lẹ́. Kò wá béèrè pé ṣé ó yé ìyá. Ó kó òkúta náà lé ìyá lọ́wọ́, ó ní, "Ó ti yá, mà. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́ mi." Ìyá náà ń kọ́ ọ, ó ṣì í. Àǹtí kàn dúró. Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Màmá mi fi bírò sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń ṣe ní Ọ̀wọ̀?"

"Mò ń kàwé ní Pólì, mà."

"Ṣé ìṣirò wà nínú ìwé tí ò ń kà?"

"Òun ló pọ̀ jù níbẹ̀, mà."

Nígbà tí màmá mi délé tó ròyìn, bàbá mi bi í pé kí ni ọmọ náà máa gbà. Màmá mi ní kò gba nǹkankan, oúnjẹ ọ̀sán Sátidé nìkan ló ní òun fẹ́, torí pé iná sítóófù kì í jẹ́ kí òun ṣe oúnjẹ gidi ní yàrá òun. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ohun tí kò bá ní iye," ó ní, "ó ní ìdí."

Sátidé àkọ́kọ́, Àǹtí dé ní agogo mẹ́wàá géérégé. Ó ga, ó tínrín, bàtà kánfáàsì ló wọ̀, ohùn àwọn ará Ìjẹ̀bú sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi dìde fún un. Jìnnìjìnnì bá mi, torí bàbá mi kì í dìde fún ọmọdé, kì í sì í pe ọmọdé ní "ẹ̀yin". Tí ẹ bá gbọ́ tó ń fi "ẹ" bá ẹni ogún ọdún sọ̀rọ̀, ó ti ń fura sí i nìyẹn.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ta ló mọ̀ yín ní Ọ̀wọ̀ níbí?"

"Ìyá onílé mi, sà."

"Yàtọ̀ sí ìyá onílé ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ti wá mọ̀ mí báyìí, sà."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí ògiri, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ṣí ìwé ìròyìn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ilé wa. Èdè Ọ̀wọ̀ là ń sọ láàárín ara wa. Tí àlejò bá wá, Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́ la máa ń bá a sọ, torí tiwa kì í yé wọn. Àwọn òbí mi wá sọ èyí di ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ nǹkan nípa àlejò níṣojú àlejò, wọ́n á kàn bọ́ sínú èdè wa, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wọn lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí màmá mi gbé iyán wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó sì fi èdè wa béèrè bóyá kí òun fún Àǹtí ní orí ẹja.

"Ìrù ni kí o fún un," bàbá mi dá a lóhùn ní èdè wa, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé ìròyìn. "Ká ṣì máa wò ó ná."

"Ìrù? Ẹni tó ń kọ́ ọmọ wa?"

"Tí ọmọ bá yege, kó jẹ orí."

Àǹtí ń wo ìwé mi, kò gbójú sókè. Ó jẹ ìrù ẹja náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ó dùn gan-an." Ojú ti èmi fún gbogbo wa.

Bó ṣe ń kọ́ mi ni mo ṣì fẹ́ sọ. Kì í sọ pé mo ṣì í. Á ní, "Báwo lo ṣe débẹ̀? Mú mi gba ọ̀nà tó o gbà." Èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ, ìlà kan sí ìlà kejì, tí mo bá dé ibi tí mo ti yà bàrá, èmi fúnra mi á dákẹ́. Òun náà á dákẹ́. Ó lè dákẹ́ títí tíì tó wà níwájú wa fi máa tutù. Mi ò tíì rí ẹni tó máa dákẹ́ fún mi báyẹn rí. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi rí láti ìdí rédíò ni tíṣà tí kò kọ́ni, tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, tó kàn ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ.

"Àbí òun ló wá kọ́ lẹ́sìnnì ni?" ó bi màmá mi, ní èdè wa.

Ní Sátidé kejì, bàbá mi wọ́ àga rẹ̀ kúrò nídìí ògiri, ó sún un bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sọ́dọ̀ wa. Ìdí àga náà ti bó, irin rẹ̀ sì ń họ símẹ́ńtì, kíríìì. Ó ní rédíò ń dún jù létí òun. Rédíò ò sí ní títàn.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí. Ó ti fún mi ní ìbéèrè kan, mo ti ṣe é tán. Ó wá ní kí n tún un ṣe, kí n ṣe bí ẹni pé inú họ́ọ̀lù ni mo wà. Mi ò lè kọ ìlà kan. Kò sọ nǹkankan nílé. Nígbà tí mo ń sìn ín sọ́nà ló bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìró yẹn, ìlà méjì tí mo fà, ìwé òfìfo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún bàbá mi.

"Ṣé wọ́n máa lù ẹ́ ni?"

"Rárá o. Wọn ò ní gbà mí gbọ́ ni. Wọ́n á ní mi ò kàwé, pé mo kàn wá nǹkan sọ."

Ó rò ó títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà. "Kò burú," ó ní. "Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ẹnu rẹ ló máa ti jáde, kì í ṣe tèmi."

Sátidé kẹta ló mú ẹ́nfílóòpù wá. Búráùn ni, irú tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ń lò, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ pa pinpin. Ó ní kí n jókòó, kí n kọjú síwájú, kí n kọ nọ́ńbà mi. Ó bọ́ sẹ́yìn mi. Fàáà. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Mú un," ó ní, bí ẹni pé bírò kàn bọ́ ni.

Ohun tó ṣe nìyẹn ní gbogbo Sátidé. Ẹ́nfílóòpù kan, ìbéèrè tuntun nínú rẹ̀, á fà á ya lẹ́yìn mi, á wo aago. Tí mo bá ṣe é tán, á kó ìwé náà lọ sílé láti máàkì rẹ̀. Ní ìkẹrin, bírò ò bọ́ mọ́, òógùn nìkan ló ń bọ́. Nígbà tó fi máa di ìkeje, òórùn ọbẹ̀ ẹja màmá mi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ìró ìwé tó ya.

Ẹ wá fi ojú bàbá mi wò ó. Àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kò gba nǹkankan. Ó ń gbé ẹ́nfílóòpù tí wọ́n lẹ̀ pa wá, ó sì ń kó ohun tó wà nínú rẹ̀ padà lọ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àkókò yẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ ẹ́kísípò wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, pé àwọn kan ń ta ìbéèrè kó tó di ọjọ́ ìdánwò.

"Kí ló dé tó fi ń lẹ̀ ẹ́ pa?" bàbá mi á béèrè ní èdè wa, Àǹtí á sì wà níbẹ̀, á máa wo aago.

"Bóyá kí ìbéèrè má bàa bọ́ nílẹ̀ ni," màmá mi á ní.

"Ìbéèrè kì í ṣe ẹyin."

Sátidé kọ̀ọ̀kan ni àga yẹn ń sún mọ́ wa. Ó ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ń dùn mọ́ òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní atẹ́gùn náà ti pọ̀ jù. Kíríìì.

Ìfura bàbá mi wá ran èmi náà. Ọmọ kíláàsì mi kan bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó rọra fà mí lápá, ó ní, "Wọ́n ní tíṣà yín máa ń kó o wá nínú ẹ́nfílóòpù. Má dá jẹ ẹ́ o." Mo ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ru omi lọ sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ń dà sí mi lára ju omi lọ. Ìbéèrè Àǹtí ò jọ ti inú ìwé kankan tí mo ní. Níbo ló ti ń rí i? Kí ló dé tó fi ń kó o padà? Ní Sátidé keje mo bi í.

"Àǹtí, níbo lẹ ti ń rí ìbéèrè yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nílé yín," ó ní.

Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó jọ ẹ̀rín ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Mi ò sun oorun dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ ẹ́kísípò ni, tí wọ́n bá mú wa, kì í ṣe Èmùré-Ilé nìkan ni mò ń lọ. Bàbá mi ò ní lè wọ kóòtù mọ́.

Sátidé kẹjọ, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bàbá mi wọ́ àga rẹ̀, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ kan tábìlì. Kò sọ̀rọ̀ atẹ́gùn, kò sọ̀rọ̀ rédíò. Àǹtí gbé ẹ́nfílóòpù sílẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e.

"Tíṣà. Kí ló wà nínú èyí?"

"Ìṣirò ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ pa?"

Àǹtí wò mí. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló kù, mo sì mọ̀ pé èmi ló ni ín. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bíi pé òun náà ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Àǹtí mú ojú kúrò lára mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣí i. Ẹ kà á."

"Kí n ṣí i?" Bàbá mi fẹ̀yìn ti àga. "Tí mo bá ṣí i, tí mo rí ohun tí mo rò nínú rẹ̀, mo ti di ẹni tó rí i. Wọ́n á bi mí ní ọjọ́ tí mo rí i, wọ́n á bi mí ohun tí mo ṣe. Rárá. Inú àpótí mi ló ń lọ, bó ṣe wà yìí. Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá kọ ìdánwò tán, tó mú ìwé ìbéèrè dé, a ó gbé wọn síra wọn. Títí dìgbà yẹn, ẹ sinmi díẹ̀, Tíṣà."

Àǹtí palẹ̀ mọ́. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìrù ẹja wà lórí iyán títí ó fi tutù, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Mi ò lè gbé e mọ́ra. Ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí bàbá mi tó bọ́ fìlà, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ nípa họ́ọ̀lù, nípa ìró yẹn, mo ní torí kí ìró náà lè mọ́ mi lára ni Àǹtí ṣe ń lẹ̀ ẹ́, tó sì ń fà á ya. Mo ní èmi ni mo ní kó má sọ.

Bàbá mi gbọ́ mi tán, bó ṣe máa ń gbọ́ ẹjọ́.

"Nígbà tí o kọ́kọ́ ti ìdánwò dé, o ní ìbéèrè ló le."

"Irọ́ ni mo pa, sà."

"Ìwé ló ń ya tí ẹ̀rù fi bà ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Èèyàn kan ni mo ń fura sí tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ẹ ti di méjì."

Mo dá kàwé fún ọjọ́ tó kù. Màmá mi ń bá mi fa ìwé ìròyìn ya lẹ́yìn ilé, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n fà, ó máa ń rọra fà á bí ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ohun tí mò ń rò ni pé kí ló wà nínú àpótí bàbá mi. Mo fẹ́ kí Àǹtí jẹ́ ẹni rere, mo sì ń bẹ̀rù pé mo kàn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ pé. Họ́ọ̀lù kan náà ni. Ọkùnrin mìíràn gbé ẹ́nfílóòpù sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fà á ya. Fàáà. Ẹ̀yin èèyàn mi, òórùn ẹja ló wọ imú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀yìn bóyá Àǹtí dúró síbẹ̀. Ọwọ́ mi ti mú bírò kí n tó mọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ní nọ́ńbà kìíní, mo ń mú ara mi gba ọ̀nà, ìlà kan sí ìlà kejì, ibi tí mo bá ti yà bàrá mo dákẹ́ fún ara mi. Mo béèrè ìwé sí i. Èmi, mo nawọ́ sókè, mo ní wọ́n jọ̀ọ́, ìwé mi ti kún.

Mi ò lọ sílé tààrà. Ilé tí Àǹtí ń gbé ni mo sáré lọ, mo sọ fún un pé bàbá mi fẹ́ ṣí ẹ́nfílóòpù, pé mo ti jẹ́wọ́, pé wọn ò gbà mí gbọ́. Nǹkan mìíràn ló bi mí.

"Ṣé o kọ nǹkan?"

"Mo béèrè ìwé kejì."

"Nígbà tó fà á ya ńkọ́?"

"Ẹja ni mo gbóòórùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó wọ bàtà kánfáàsì rẹ̀, a jọ lọ sílé wa.

Bàbá mi ti dé látibi iṣẹ́ ṣáájú àkókò. Ó gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó pe màmá mi pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó gbé ẹ́nfílóòpù jáde nínú àpótí, ó fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ han gbogbo wa. Ó fà á ya, fàáà, ojú rẹ̀ sì wà lára mi nígbà tó ń fà á. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo rí i pé ó rí i.

Gẹ̀ẹ́sì ni Àǹtí fi kọ ìbéèrè náà. Bàbá mi kà á lójú, ó wo ìwé ìdánwò, ó padà sí ti Àǹtí. Kò sí èyí tó jọra. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi, bó ṣe máa ń túmọ̀ fún àwọn tó wá jẹ́jọ́.

"Ìkíní. Ẹja kan wúwo kílò méjì. Ìrù rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Wọ́n ń fún àlejò kan ní ìrù, wọ́n ní tí ọmọ bá yege..." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Wọ́n ní tí ọmọ bá yege, kó jẹ orí."

Màmá mi fi gèlè bojú. "Ó gbọ́ èdè wa," ó ní.

Èdè wa gan-an ni Àǹtí fi dá a lóhùn, bí ẹni tí wọ́n bí sí òpópónà wa. Ó ní ìyá tó bí màmá òun, ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni, bí àwa ṣe ń pe Ọ̀wọ̀. Ìjẹ̀bú ló fẹ́ ọkọ sí, ibẹ̀ ló kú sí, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, èdè Ọ̀wọ̀ ló fi ń bá òun wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" bàbá mi béèrè.

"Ẹ ò bi mí, sà. Ẹni tó mọ̀ mí l'Ọ́wọ̀ lẹ béèrè. Òun ti kú."

Bàbá mi tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó padà sínú ìwé.

"Ìkejì. Ọkùnrin kan jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá sí tábìlì ní Sátidé àkọ́kọ́. Ní gbogbo Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń sún àga rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Sátidé wo ni orúnkún rẹ̀ máa kan tábìlì?"

Èmi ń wo ilẹ̀. Màmá mi ń mì tìtì lábẹ́ gèlè, mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni. Bàbá mi dijú díẹ̀.

"Ìkeje," ó ní. "Mẹ́rìnlá, méjì-méjì. Méje ni."

"Ìkẹjọ ni, sà," mo ní.

"Méje ni. Ta ló ń kọ́ ta?"

"Báwo lẹ ṣe débẹ̀, sà?" mo bi í. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ mú mi gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà."

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Sátidé àkọ́kọ́, ó ní, mo sún un, ó ku méjìlá. Ó dákẹ́. Àǹtí náà dákẹ́. Màmá mi ò dákẹ́ ní tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹní, ó ní, "Ẹ wá kà á nílẹ̀ níbí. Èmi ni mò ń fi pólíìṣì pa á, èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Bàbá mi dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ìkẹjọ wà lábẹ́ tábìlì, níbi tó jókòó sí lọ́jọ́ tó gbé ọwọ́ lé ẹ́nfílóòpù.

"Mi ò sún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Rárá, sà," Àǹtí dáhùn. "Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn jókòó ni."

Bàbá mi kúrò lórí àmì ìkẹjọ. Ó wá wọ́ àga rẹ̀, kíríìì, ó fà á yípo tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àǹtí máa ń jókòó sí, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n mú bírò wá.

"Jókòó, ọmọ mi," ó sọ fún Àǹtí. Ní èdè wa ni, kò sì sí "ẹ" kankan níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọ̀nà ìdáná. "Ìyá ọmọ, kí ló ṣẹ́kù lára ẹja yẹn?"

"Orí wà," màmá mi ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ ò tíì yege."

"Gbé e wá," bàbá mi ní. Ó ti tẹ̀ ba ìwé náà, ó ń wá ìbéèrè kẹta.